Ẹsẹ̀ Iwájú Ayọ́kẹ́lẹ́: Ìtàn Peugeot 504 láti Kàdúná dé Ìgándò

Ẹni tó kọ́kọ́ pe mọ́tò ní "ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́" mọ ohun tó ń sọ. Ayọ́kẹ́lẹ́: ohun tó ń yọ́ lọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ológbò tó fẹ́ mú eku. Kò pè é ní asáré, kò sì pè é ní alágbára. Ohun tó yà á lẹ́nu ni pé irin ńlá báyìí lè kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ èèyàn láì pariwo. Ṣùgbọ́n ẹ wá bá wa dúró ní bọ́sítọ́ọ̀pù Ìgándò láago méje àárọ̀, kẹ́ ẹ gbọ́ bí àwọn ayọ́kẹ́lẹ́ ṣe ń kọjá lójú ọ̀nà tó ti LASU lọ sí Ìṣẹrì. Èyí ń dún gbàgà, ìyẹn ń dún kọ̀ọ́kọ̀ọ́, òmíràn ń han bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Orúkọ ọkọ̀ ti yàtọ̀ sí ìwà rẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá tẹ́tí dáadáa, ẹ máa gbọ́ pé iwájú ni ọ̀pọ̀ ariwo yẹn ti ń wá, láti ẹ̀yìn táyà méjì àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni sípíríǹgì wà, ibẹ̀ ni ṣọ́ọ̀kì wà, àti búṣìn, àti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì. Àwọn mẹkáníìkì wa kì í fi èdè gígùn pe gbogbo rẹ̀. "Ẹsẹ̀" ni wọ́n ń pè é. "Ẹsẹ̀ ọkọ̀ yín ti lọ, Alhaji." Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yẹn la fẹ́ sọ lónìí, nítorí pé ẹ́ńjìnì ni gbogbo èèyàn máa ń yìn, àmọ́ ẹsẹ̀ ló ń sọ bóyá ọkọ̀ máa gbà síbi tẹ́ni tó ń wà á fẹ́ kó gbà.

Ọkọ̀ tá a máa fi sọ ọ́ ni Peugeot 504, tí àwọn àgbà ń pè ní Pijó. Bàbá wa ra tiwọn lọ́dún 1983, GR aláwọ̀ eérú, tí wọ́n tò pọ̀ ní Kàdúná. Ó ṣì wà lágbàlá wa ní Ìgándò. Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn ọdún 2000 lè máa rò pé ọkọ̀ bàbá arúgbó lásán ni. Ẹ jẹ́ ká sọ bó ṣe dé fún yín ná.

Lọ́jọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, gbogbo Nàìjíríà ṣí kúrò lápá òsì ojú ọ̀nà lọ sí apá ọ̀tún. Títí di ọjọ́ yẹn, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe kọ́ wa la ṣe ń wakọ̀: òsì la máa ń gbà, sitiárì sì wà lọ́wọ́ ọ̀tún. Àwọn ará Dàhòmì, tó di Benin lónìí, àti àwọn ará Niger tó múlé tì wá, ọ̀tún ni wọ́n ń gbà bíi ti àwọn Faransé. Oṣù mẹ́rin péré lẹ́yìn àyípadà yìí, lọ́jọ́ 11 oṣù Kẹjọ, ìjọba Ọ̀gágun Gowon tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ Peugeot ti ilẹ̀ Faransé. Nígbà tó di ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ PAN, ìyẹn Peugeot Automobile Nigeria, ṣí ilẹ̀kùn ní Kàdúná. Ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ tirẹ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà Àgbádárìgì ní Ọ̀jọ́. Ibẹ̀ ò jìnnà sí wa rárá: téèyàn bá ti Ìgándò gba ẹ̀gbẹ́ LASU já sí Ìyànà Ìbà, ó kù díẹ̀ kó débẹ̀. Ìjàpá ni aráàlú ń pe Volkswagen kékeré tí ẹ̀yìn rẹ̀ rí roboto yẹn. Èkó ń bí Ìjàpá, Kàdúná ń bí Pijó.

Owó wà nílẹ̀ nígbà yẹn. Epo rọ̀bì ti gbówó lórí láti 1973, owó oṣù tuntun tí ìgbìmọ̀ Udoji dámọ̀ràn sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1975. Tíṣà ra mọ́tò, nọ́ọ̀sì ra mọ́tò. Nígbà tí Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gorí àlééfà ní 1976, tí ìjọba wọn sì ní káwọn òṣìṣẹ́ ọba má ṣe máa gbé ara wọn ga mọ́, 504 ni wọ́n ní kí wọ́n máa gùn dípò Mercedes. Bí Pijó ṣe di ọkọ̀ ọ̀gá àti ọkọ̀ tíṣà lẹ́ẹ̀kan náà nìyẹn. Àmọ́ ìwé ìjọba nìkan kọ́ ló mú kó pẹ́ láàárín wa. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni.

Ọdún 1968 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé 504 jáde níbi ìpàtẹ ọkọ̀ ní Paris. Ilé-iṣẹ́ Pininfarina ti ilẹ̀ Ítálì ló bá wọn ya ìrísí rẹ̀, ó sì gba oyè Ọkọ̀ Ọdún ti ilẹ̀ Yúróòpù fún 1969. Ọkọ̀ ìdílé ni, kì í ṣe ọkọ̀ eré ìje. Níwájú, sípíríǹgì gígùn kan àti ṣọ́ọ̀kì kan jọ dúró gbọnrangandan pọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ọ̀kan, bí ọmọ odó tí wọ́n kó òrùka sí lára. Ìrísí yìí ni àwọn ẹnjiníà ń pè ní MacPherson. Áàmù kan di ìsàlẹ̀ rẹ̀ mú, irin gígùn kan tí wọ́n ń pè ní stabilizer sì so ẹsẹ̀ òsì mọ́ ẹsẹ̀ ọ̀tún, kí ọkọ̀ má bàa dẹ̀gbẹ́ jù tó bá ń ya kọ́nà. Lẹ́yìn, ẹsẹ̀ méjèèjì dá dúró fúnra wọn, tí kòtò tó bá mú ọ̀tún kò fi ní kan òsì. Tó bá jẹ́ station wagon, irin kan ṣoṣo ló so táyà ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀, sípíríǹgì mẹ́rin ló sì jókòó lé e nítorí ẹrù.

Ohun tó ya àwọn èèyàn lẹ́nu ni pé ẹsẹ̀ yìí rọ̀. Téèyàn bá fi ọwọ́ tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì 504 tuntun, ó máa lọ sílẹ̀ bíi tìmùtìmù, á padà sókè lẹ́ẹ̀kan, á sì dúró jẹ́ẹ́. Lílọ sílẹ̀ yẹn, iṣẹ́ sípíríǹgì ni. Dídúró jẹ́ẹ́ yẹn, iṣẹ́ ṣọ́ọ̀kì ni. Peugeot ò ra ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, àwọn fúnra wọn ló ń ṣe é, kó lè bá sípíríǹgì wọn mu. Ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó sì láàyè láti lọ sókè sódò gan-an. Tí táyà bá já sí kòtò, ẹsẹ̀ á nà tẹ̀lé e. Tó bá gun òkúta, ẹsẹ̀ á ká. Ara ọkọ̀ ní tiẹ̀ ò ní mọ púpọ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣi ọ̀rọ̀ yìí gbọ́: rírọ̀ kì í ṣe àìlera. Ìdíje ọkọ̀ Safari ti Kẹ́ńyà wà lára àwọn tó le jù lágbàáyé láyé ìgbà yẹn, ẹrẹ̀, eruku àti òkúta ni ọ̀nà rẹ̀. Peugeot 404, ẹ̀gbọ́n 504, gba ife ẹ̀yẹ rẹ̀ ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Ove Andersson, fi 504 gbà á ní 1975, ọdún tí Kàdúná ṣí gan-an. Jean-Pierre Nicolas tún fi 504 Coupé gbà á ní 1978. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ ló ń dé ilé níbi tí àwọn tó le gan-gan ti ń dá sọ́nà. Àwọn bàbá wa ti sọ ọ́ tipẹ́: ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Ká lè mọ iyì ẹsẹ̀ dáadáa, ẹ jẹ́ ká yà sí Amẹ́ríkà díẹ̀, níbi tí wọ́n ti fẹ́ràn agbára ju ohun gbogbo lọ. Pontiac gbé GTO ti ọdún 1964 jáde, Ford sì gbé Mustang jáde lóṣù Kẹrin ọdún yẹn kan náà. Àsìkò àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní muscle car nìyẹn, àwọn tẹ́ ẹ máa ń rí nínú fíìmù tí wọ́n ń bú ramúramù. Ẹ́ńjìnì ńlá nínú ọkọ̀ ìdílé ni àṣírí wọn. Mustang fúnra rẹ̀, orí ọkọ̀ ìdílé kékeré kan tó ń jẹ́ Falcon ni wọ́n kọ́ ọ lé. Lójú ọ̀nà tó tọ́, kò sí ìyọnu. Tó bá di kọ́nà, ẹ̀kọ ò ṣojú mímu mọ́. Ẹ́ńjìnì wúwo níwájú, ọkọ̀ á dẹ̀gbẹ́, orí táyà ìta á wá tẹ̀ síta, etí táyà nìkan lá máa kan ilẹ̀. Ẹni tó bá ń fi etí bàtà sáré mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí i.

Carroll Shelby àtàwọn èèyàn rẹ̀ ni Ford gbé iṣẹ́ náà fún, pé kí wọ́n sọ Mustang di ọkọ̀ tó lè díje. GT350 ti ọdún 1965 ni wọ́n fi dáhùn. Wọ́n fún ẹ́ńjìnì lágbára sí i lóòótọ́, àmọ́ ohun tí àwọn olùfẹ́ ọkọ̀ ṣì ń sọ títí dòní ni ihò tí wọ́n lu. Wọ́n yọ áàmù òkè ẹsẹ̀ iwájú, wọ́n lu ihò tuntun sí abẹ́ ti tẹ́lẹ̀, wọ́n sì dè é padà síbẹ̀. Báwo ni ìsàlẹ̀ yẹn ṣe jìn tó? Íǹṣì kan péré. Nítorí íǹṣì kan yẹn, nígbà tí ọkọ̀ bá dẹ̀gbẹ́ ní kọ́nà, áàmù á máa fa orí táyà wọlé dípò kó tì í síta, gbogbo àtẹ́lẹsẹ̀ táyà á sì jókòó sórí ọ̀dà. Wọ́n fi stabilizer tó nípọn sí i kún un, àti ṣọ́ọ̀kì tó dáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ní Mustang àtijọ́ lónìí ṣì ń lu ihò yẹn kí wọ́n tó náwó lé ẹ́ńjìnì.

Kí ló kàn wá nínú èyí? Òun ni pé ọ̀nà méjì ló wà láti tún ẹsẹ̀ ọkọ̀ ṣe. Ọ̀kan ni kéèyàn bi ọkọ̀ léèrè pé, kí lo fẹ́ kí táyà rẹ ṣe? Èkejì ni kéèyàn kàn fi tipátipá lé e le. Ọ̀nà kejì yẹn la gbà ní Nàìjíríà, kì í sì í ṣe nítorí pé àwọn mẹkáníìkì wa ò gbọ́n. Ọwọ́ ìyà ló tì wá débẹ̀.

Ní 1986, ìjọba Ọ̀gágun Babangida gbé ètò SAP kalẹ̀. Náírà wó lulẹ̀. Ohun èlò tí wọ́n ń kó wá láti Faransé sí Kàdúná wọ́n, ọkọ̀ tuntun sì kọjá agbára tíṣà. Ìjàpá tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́ kógbá sílé ní 1987. Àsìkò yẹn ni tòkunbọ̀ gbòde, tí "Belgium" sì di orúkọ sípéà-pátì àlòkù. Ẹni tó ní Pijó ò lè ra òmíràn mọ́, ó di dandan kó fi èyí tó ní lo ìgbà. Ṣọ́ọ̀kì kú, kò sí owó tuntun. Sípíríǹgì rẹ̀, ọkọ̀ wá ń fi àyà wọ́lẹ̀. Ni mẹkáníìkì bá gé táyà àlòkù wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó kì í bọ àárín òrùka sípíríǹgì. Ọkọ̀ dìde! Oníbàárà dúpẹ́, ó san owó táṣẹ́rẹ́, ó wà á lọ.

Àwọn awakọ̀ gáréèjì náà fẹ́ràn rẹ̀. Station wagon tí Peugeot ṣe fún èèyàn méje, wọ́n ń kó ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n sì ń di ẹrù sórí rẹ̀ bí òkè. Rọ́bà nínú sípíríǹgì ló ń jẹ́ kó dúró. Láti Èkó dé Ìlọrin, láti Ìbàdàn dé Àkúrẹ́, "Pijó" ti di orúkọ ìrìn àjò fúnra rẹ̀: "Ṣé Pijó lo máa wọ̀ àbí bọ́ọ̀sì?" Ó yá, àmọ́ ẹ̀rù ń bani. Kó tó dìgbà yẹn pàápàá, òpópónà ti ń jẹ èèyàn. Nítorí àwọn tó ń kú lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ifẹ̀, títí kan akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ṣe agbátẹrù ẹ̀ṣọ́ ojú pópó ti Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ní 1977. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá FRSC sílẹ̀ ní 1988, àwọn náà ni alága àkọ́kọ́. Eré àsápajúdé, ọtí àti ẹrù àpọ̀jù la sábà máa ń gbọ́ tí wọ́n bá ń ka ohun tó ń fa jàǹbá. Ẹsẹ̀ ọkọ̀ kì í sábà wọ inú ìwé yẹn, torí pé lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti run wómúwómú, ta ló máa wá rọ́bà nínú sípíríǹgì?

Àwa mọ̀, torí ó ṣe wá. Lọ́dún 1998, ṣọ́ọ̀kì iwájú Pijó bàbá wa ti kú, mẹkáníìkì tó ń bá wa ṣiṣẹ́ nígbà yẹn sì ti kì rọ́bà bọ̀ ọ́. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Bàbá wa ń wakọ̀ lọ sí Ìyànà Ìbà, ìyá wa jókòó níwájú, àwa ọmọ wà lẹ́yìn. Ọkọ̀ ẹrù kan dúró lójijì níwájú wa, bàbá wa tẹ bíréèkì, ojú ọ̀nà ibẹ̀ sì rí págunpàgun. A gbọ́ tí iwájú ọkọ̀ ń lu ilẹ̀ gbì-gbì-gbì, bí bọ́ọ̀lù tẹ́nì kan ń lù mọ́lẹ̀. Kò dúró. Ó fi imú ya ọ̀tún, ó sì já sí gọ́tà. Orí ìyá wa gbá dáṣíbọ́ọ̀dù. Ìránṣọ márùn-ún ni wọ́n fún wọn níwájú orí, àpá rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tá a délé, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ní, "Bàbá Táíwò, ẹ ṣeun. Mi ò ní wọ ọkọ̀ yìí mọ́ láyé mi." Fún ọdún mọ́kànlélógún, wọn ò wọ̀ ọ́.

Ó pẹ́ ká tó lóye ohun tó ṣẹlẹ̀. Bíréèkì wa ò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n táyà tí kò bá kan ilẹ̀, bíréèkì rẹ̀ ò níṣẹ́. Rọ́bà ò jẹ́ kí sípíríǹgì ká, ṣọ́ọ̀kì tó ti kú ò sì lè mú un dúró, torí náà ńṣe ni táyà ń fò lórí gbogbo gegele tó bá pàdé. Nígbà tó bá wà lókè, kò lè dúró, kò sì lè yà. Ohun tá a fi mú ọkọ̀ le ni kò jẹ́ kó gbọ́ ọ̀rọ̀ sí wa lẹ́nu mọ́.

Ní 2019, ẹ̀yìn ń dun bàbá wa gan-an. Ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìgándò ni wọ́n ti ń gba ìtọ́jú, kò sì sí kòtò kan láàárín ilé wa síbẹ̀ tí wọn ò mọ̀ lórúkọ. Tí kẹ̀kẹ́ Márúwá bá já sí ọ̀kan, wọ́n á di ẹnu mọ́ra. Lọ́jọ́ kan wọ́n wo Pijó tó wà lágbàlá, wọ́n ní, "Ọkọ̀ yẹn, nígbà tí mo rà á, mi ò kì í mọ̀ pé mo ti kọjá rélùwéè." Ohun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà nìyẹn. A ò fẹ́ sọ ọkọ̀ náà di tuntun. A kàn fẹ́ kí bàbá wa dé ọsibítù láìrora.

Bàbá Mẹkáníìkì kan wà ládùúgbò wa tó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún, Pijó ni wọ́n fi kọ́ṣẹ́. A lọ bẹ̀ wọ́n. Wọ́n rìn yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀kan, wọ́n tẹ bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní: "Ta ló dá òkúta sí ọmọ yìí lẹ́sẹ̀?" A gbé e sórí jáàkì, a fi igi sí abẹ́ rẹ̀. Kí wọ́n tó tú ẹsẹ̀, wọ́n lé gbogbo wa kúrò níwájú. Agbára tó wà nínú sípíríǹgì tí wọ́n ká mọ́lẹ̀ lè pa èèyàn tó bá fò yọ. Bóòtù gígùn méjì tó ní ìkọ́ ni wọ́n fi dì í mú, wọ́n sì ń tú u díẹ̀díẹ̀, apá ọ̀tún díẹ̀, apá òsì díẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹsẹ̀.

Rọ́bà mẹ́fà la yọ. Wọ́n ti gan bí ègbodò gbígbẹ. Nígbà tá a gbé sípíríǹgì méjèèjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, tòsì fi ìbú àtàǹpàkò kan kúrú sí tọ̀tún. Ó ti pẹ́ tí ọkọ̀ yẹn ti ń tiro láìsí ẹni tó mọ̀. A gba Ládìpọ̀ lọ, ní Mùṣín, a fi ọjọ́ méjì gbáko wá ohun tá a nílò: sípíríǹgì méjì tí gígùn wọn bára mu, ṣọ́ọ̀kì méjì, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, táì-rọ́ọ̀dù àti búṣìn. Bàbá Mẹkáníìkì ti kìlọ̀ fún wa: "Ẹ ò gbọdọ̀ ra ẹyọ kan o. Ẹsẹ̀ méjì la bí èèyàn." Tẹ́ ẹ bá pààrọ̀ ṣọ́ọ̀kì òsì, ẹ pààrọ̀ tọ̀tún.

Ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n kọ́ wa tá a fẹ́ fi lé yín lọ́wọ́. Nígbà tí a ti kó gbogbo rẹ̀ padà, ọmọṣẹ́ wọn fẹ́ fún bóòtù búṣìn pa nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lókè, tí ẹsẹ̀ ń rọ̀ dirodiro. Wọ́n gbá a lọ́wọ́. Wọ́n ní ká sọ ọkọ̀ kalẹ̀ ná, ká jẹ́ kó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró, kó tó di pé a fún un pa. Rọ́bà ló wà nínú búṣìn. Tẹ́ ẹ bá dè é mọ́lẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ nà, ńṣe ló máa lọ́ wá nígbà tí ọkọ̀ bá délẹ̀, á sì máa wà ní lílọ́ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi ya. Ọ̀pọ̀ búṣìn tí ẹ̀ ń bú pé ó jẹ́ ayédèrú, bí wọ́n ṣe dè é ló pa á.

Ó wá ku aláìnmẹ́ǹtì. Ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ lédè tó yé gbogbo wa. Àkọ́kọ́, bí ẹsẹ̀ ṣe kọjú: ṣé táyà méjèèjì kọjú síbì kan náà, àbí ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọn ń wo ara wọn? Tó bá wọlé tàbí jáde jù, táyà á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Èkejì, K-leg: ṣé orí táyà tẹ̀ wọlé, àbí ó tẹ̀ síta? Ẹ̀kẹta, ẹ wo fọ́ọ̀kì iwájú kẹ̀kẹ́ ológeere, bó ṣe fara ti ẹ̀yìn díẹ̀. Ìfarati yẹn ló ń jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà tẹ́ ẹ bá ju ọwọ́ sílẹ̀. Ọkọ̀ náà ní tiẹ̀, òun ló sì ń dá sitiárì padà lẹ́yìn kọ́nà. A wọn gbogbo rẹ̀, a fẹ́ afẹ́fẹ́ táyà bó ṣe yẹ, iṣẹ́ parí. A ò fi nǹkan kan kún ọkọ̀ náà tí àwọn tó ṣe é ní 1968 ò mọ̀. Ohun tá a yọ kúrò ló pọ̀ ju ohun tá a fi sí i lọ.

Ní Alímọ̀ṣọ́ tí ètò ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 1,277,714 sí, a ò lè sọ iye ọkọ̀ tó ń tiro bí tiwa ṣe tiro. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn báyìí, Corolla, Camry, Sienna. Àwọn ọkọ̀ ẹrù tó ń kó pàǹtírí lọ sí ààtàn Solous ń fi ara jẹ ọ̀nà kan náà tí wọ́n ń gbà. A ti rí i tí wọ́n ń kì rọ́bà bọ sípíríǹgì wọn náà. A sì ti rí ẹ̀yin ọ̀dọ́ tẹ́ ẹ ń gé sípíríǹgì kúrú kí ọkọ̀ lè jókòó sílẹ̀ bíi ti inú fídíò. Ẹ má bínú, ìkan náà ni. Sípíríǹgì tẹ́ ẹ gé kúrú, ẹ ti jẹ́ kó le sí i, ẹ sì ti gba àyè tó fi ń ká lọ́wọ́ rẹ̀. Táyà á fò, bíréèkì á sì di ọ̀rọ̀ àdúrà.

Lọ́jọ́ Sátidé tá a kọ́kọ́ gbé Pijó jáde, bàbá wa jókòó níwájú. A ò pe ìyá wa. Wọ́n kàn jáde pẹ̀lú báàgì àti gèlè, wọ́n ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, wọ́n wọlé láìsọ nǹkan kan. A ya kúrò ládùúgbò, a bọ́ sójú títì, a dorí kọ Akẹ̀sán. Kòtò àkọ́kọ́ dé, ẹsẹ̀ nà, ó ká, ọkọ̀ ń lọ. Ìkejì dé. Bàbá wa ò di ẹnu mọ́ra. Nínú díńgí, a rí i pé ìyá wa di bèlíìtì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, ojú wọn sì wà lójú ọ̀nà.

A ti kọjá Akẹ̀sán dáadáa kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Wọ́n na ọrùn síwájú, wọ́n ní, "Bàbá Táíwò, ṣé ẹ́ńjìnì ò tíì kú ṣá? Mi ò gbọ́ nǹkan kan."